Tí Gáàsì Bá Ń Rùn, Ẹ Jáde: Ìkìlọ̀ fún Ará Sakété àti Pobè

Ẹ̀yin ará Sakété, ẹ̀yin ará Pobè, ẹ̀yin ará Ifangni àti Adja-Ouèrè, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni mo bá wá. Bí ẹ bá wọ ilé ìdáná tí òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ gbà yín nímú, ẹ má ṣáná. Ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má sì pa èyí tó ti wà ní títàn. Ẹ má dúró máa wá òkú eku lábẹ́ àga. Gáàsì ló ti jáde. Ó ti wà nínú afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí, ìpẹ́pẹ́ iná kan ṣoṣo ló sì kù kí ilé náà tó bú.

Ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa ló mú mi kọ èyí. Wọ́n á ní, "Gáàsì kì í ṣàì rùn." Wọ́n á ní, "Ó ti fẹ́ tán ni." Wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbé ọbẹ̀ yìí kalẹ̀ ná, lẹ́yìn náà a ó wò ó." Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ń jáde lẹ́nu ìyá rere àti bàbá rere, àwọn tí kò ní jẹ́ kí ọmọ wọn sún mọ́ etí kànga. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè pa odindi agboolé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí òórùn náà ti wá, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní fojú kékeré wò ó mọ́. Gáàsì tí à ń rà nínú sílíńdà, butane ni, nígbà mìíràn wọ́n á po propane mọ́ ọn. Gáàsì tó ń gba inú ọ̀pá ńlá kọjá láti Itoki, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tó ń rin kìlómítà 678, tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ gba abẹ́ òkun, lọ sí Kútọ̀nù, Lomé àti Ghana, methane ló pọ̀ jù nínú tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti fọ gáàsì wọ̀nyí mọ́ tán, kò sí èyí tó ní òórùn tó lè ta ènìyàn lólobó. Wọn kò ní àwọ̀, ojú kò rí wọn. Gáàsì inú sílíńdà lè kún yàrá dé orúnkún yín kí ẹ má mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

Òórùn tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ènìyàn ló mọ̀ọ́mọ̀ fi í sí i. Èròjà kan tó ní imí ọjọ́ nínú ni. Ọ̀wọ́ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní mercaptan, èyí tí wọ́n sì ń lò jù fún gáàsì inú sílíńdà ni ethyl mercaptan. Ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń bù sí i: nǹkan bí gíráàmù 12 nínú lítà 1,000 gáàsì olómi ti tó. Ìdí ni pé imú ènìyàn mọ òórùn yìí ju bí ó ti mọ ọ̀pọ̀ nǹkan lọ. Kò ní ju ẹyọ kan nínú bílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́ lọ tí ẹni tí imú rẹ̀ dá ṣáṣá yóò ti máa béèrè pé kí ló ń rùn. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Rouen, ní ilẹ̀ Faransé, lọ́jọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 2013. Mercaptan jò nílé iṣẹ́ Lubrizol. Afẹ́fẹ́ gbé òórùn rẹ̀ dé Paris, ó sì sọdá òkun dé gúúsù England.

Akéde ni òórùn náà. Wọ́n rán an sínú gáàsì kó lè jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo: pé gáàsì ti kúrò níbi tó yẹ kó wà. Kì í jáde láìnídìí. Nígbà tí gáàsì bá ń jó dáadáa lórí sítóòfù, èròjà olóòórùn náà ń jó pẹ̀lú rẹ̀ ni, ẹ kò sì ní gbọ́ ọ. Bí ẹ bá ti wá ń gbọ́ ọ, gáàsì tí kò jó ti wà nínú ilé nìyẹn.

Ẹ̀mí ọmọdé ni wọ́n fi ra ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn ará Jámánì ti ń dán èròjà olóòórùn wò láti bí ọdún 1880 lọ, ṣùgbọ́n ibi púpọ̀ láyé ni kò kà á sí. Ní ìlú New London, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan wà láàárín àwọn kànga epo rọ̀bì. Àgbègbè tó lówó lọ́wọ́ ni. Síbẹ̀, láti dín ìnáwó kù, àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ náà fi gáàsì tí wọ́n ń sanwó fún sílẹ̀, wọ́n sì lọ so ọ̀pá mọ́ àjẹkù gáàsì tó ń gba ibẹ̀ kọjá láti ilé iṣẹ́ epo kan. Gáàsì náà kò ní òórùn kankan. Ó ń jò díẹ̀díẹ̀ sínú àlàfo tó wà lábẹ́ ilé. Orí ń fọ́ àwọn ọmọ, wọ́n ń ṣàròyé, ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó fà á. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 1937, ó ku díẹ̀ kí wọ́n jáde lọ́sàn-án, ni olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan tan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń họ pákó. Iná ẹ̀rọ náà ta pá, ilé náà gbéra nílẹ̀, ó sì wó lé àwọn ọmọ lórí. Nǹkan bí 300 ènìyàn ló kú lọ́jọ́ náà, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ilé aṣòfin Texas ṣòfin pé kí wọ́n máa fi èròjà olóòórùn sí gáàsì kó tó wọ àárín ènìyàn. Ìpínlẹ̀ mìíràn tẹ̀ lé e, orílẹ̀-èdè mìíràn náà tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ New London kò rí akéde kankan kí ikú tó dé bá wọn. Àwa rí i. Ó ń ké sí wa nínú ilé ìdáná, ó ń ké sí wa nínú yàrá, a sì ń sọ fún un pé kó dúró kí ọbẹ̀ jinná. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Kí la fẹ́ sọ nípa ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé, tó gbọ́ nípa ogun, tó sì jókòó dè é?

Ẹ gbọ́ bí ewu náà ti sún mọ́ tó. Butane kì í gbiná títí yóò fi tó nǹkan bí ìdá 1.8 nínú ìdá 100 afẹ́fẹ́ yàrá. Òfin Amẹ́ríkà nípa gáàsì inú ọ̀pá sọ pé imú ẹni tí ara rẹ̀ yá gbọ́dọ̀ lè gbọ́ òórùn náà nígbà tí gáàsì ṣì wà ní ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n tó lè gbiná. Ìyẹn ni pé àyè wà láàárín ìgbà tí ẹ gbọ́ òórùn àti ìgbà tí ilé lè bú. Torí kí ẹ lè sá ni wọ́n ṣe fi àyè náà sílẹ̀. Ẹni tó bá lò ó láti parí ọbẹ̀ ti fi àsìkò ìsásàlà rẹ̀ ṣòfò.

Àyè náà kò sì gùn. Ẹ wo yàrá tó gùn ní mítà 3, tó fẹ̀ ní mítà 3, tí òrùlé rẹ̀ ga ní mítà 2 àbọ̀. Bí butane kílò 1 péré bá tú sínú rẹ̀ tó sì tàn káàkiri, gbogbo afẹ́fẹ́ yàrá náà ti di ohun tó lè gbiná. Sílíńdà kékeré tó wà ní ọ̀pọ̀ ilé wa gba kílò 6. Èyí tó tóbi jù ú gba kílò 12 àbọ̀.

Butane kì í sì í tàn káàkiri lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wúwo ní ìlọ́po méjì ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ. Kì í gòkè lọ bí èéfín igi, ilẹ̀ ló ń wọ́. Ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá kejì. Ó ń rọra wọ abẹ́ ibùsùn tí ọmọ sùn sí, ó ń ṣàn wọ gọ́tà, ó ń pé jọ sínú ibikíbi tó bá jin kòtò. Nítorí náà ó lè pọ̀ tó láti bú nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà tí ẹni tó dúró kò tíì gbọ́ òórùn púpọ̀ lókè. Nínú ilé wa, àwọn tó ti ra gáàsì kò tíì pa àdògán tì. Gáàsì wà nínú ilé, èédú ń jó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gáàsì tó jò nínú ilé ìdáná lè wọ́ nílẹ̀ lọ bá èédú pupa tó wà níta, kí iná sì gba ojú ọ̀nà kan náà padà wá bá sílíńdà. Ìyá tó ń fẹ́ èédú lọ́ọ̀ọ́kán lè má tilẹ̀ mọ̀ pé àdògán òun ló fa iná tó jó inú ilé.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ pé gáàsì ti fẹ́ tán ló ṣe ń rùn. Ohun kan wà tó ń tàn wọ́n jẹ. Lóòótọ́, bí gáàsì bá ń lọ sópin, òórùn rẹ̀ máa ń le sí i, pàápàá èyí tí propane wà nínú rẹ̀, nítorí pé èròjà olóòórùn kì í tètè di afẹ́fẹ́ bíi propane. Ó máa ń ṣẹ́ kù sínú ìwọ̀nba omi gáàsì tó gbẹ̀yìn ìsàlẹ̀ sílíńdà. Ṣùgbọ́n inú sílíńdà lọ̀rọ̀ yẹn wà. Kí ló mú òórùn náà dé imú yín? Gáàsì ló gbé e jáde. Gáàsì tó kù díẹ̀ yẹn lè kù ní kílò 1, a sì ti wí ohun tí kílò 1 lè ṣe.

Ewu kan wà tó jẹ́ ti ìhà wa gan-an. Láti Igolo títí dé Pobè, ọdún pípẹ́ ni a ti fi ń gbé pẹ̀lú òórùn bẹntiróòlù. Kpayo, ìyẹn bẹntiróòlù fàyàwọ́, wà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, ó wà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn ọ̀kadà, ó wà nínú yàrá tí ènìyàn ń sùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni a bí sínú òórùn yẹn. Imú tó bá ń gbọ́ òórùn ewu láti àárọ̀ dé alẹ́ kì í bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ibi tí wọ́n ń kó bẹntiróòlù fàyàwọ́ pa mọ́ sí gbiná ní Sèmè-Kraké, lẹ́nu ibodè Nàìjíríà. Ó kéré tán, ènìyàn 34 ló kú, ọmọ ọwọ́ sì wà nínú wọn. Kò sí àgbà kan níbẹ̀ tí kò mọ òórùn bẹntiróòlù. Gbogbo wọn ló ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Kí a má gbé ìwà yìí wọ ìdí gáàsì. Bẹntiróòlù tó wà nínú ìgò tí a dé lè rùn kó má jóná lọ́jọ́ yẹn. Gáàsì tó ń rùn kò sí nínú sílíńdà mọ́.

Ẹ má sì fi gbogbo ọkàn tán imú. Ẹni tó bá jókòó sínú òórùn kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kì í gbọ́ ọ mọ́. Òórùn náà kò lọ, imú ló rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti torí èyí sọ pé, "Ó ti lọ," wọ́n padà wọlé, wọ́n ṣáná. Otútù ń dí imú. Àrùn Kòrónà mú òórùn kúrò nímú àwọn mìíràn fún oṣù púpọ̀. Taba ń pa imú. Ẹni tó bá sùn fọnfọn, òórùn kì í sábà jí i. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé bí gáàsì bá jò lóru òun yóò gbọ́.

Ọjọ́ orí náà ń gba agbára imú. Ìyá àgbà tó ti dáná fún ọgọ́ta ọdún lè má gbọ́ ohun tí ọmọ ọdún mẹ́jọ gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Bí ọmọ bá ní, "Ìyá, nǹkan kan ń rùn," kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé kó panu mọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ gáàsì, ẹ fi imú ọmọdé ṣe àgbà, kí gbogbo ilé sì jáde.

Èròjà olóòórùn fúnra rẹ̀ lè sọnù. Bí inú sílíńdà bá ti dípẹtà, ìpẹtà náà máa ń ba mercaptan jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Sílíńdà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gáàsì sí fún ìgbà àkọ́kọ́ lè fa òórùn náà mọ́ ara irin rẹ̀. Gáàsì tó jò láti inú ọ̀pá lábẹ́ ilẹ̀ lè gba inú erùpẹ̀ kọjá kí erùpẹ̀ gba òórùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì wọ ilé láìrùn mọ́. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, gáàsì tó wà nínú ọ̀pá ńlá tó ń lọ sí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná kì í ní èròjà olóòórùn nínú rárá. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Bí òórùn bá wà, ewu wà. Bí òórùn kò bá sí, kò túmọ̀ sí pé ewu kò sí. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnu sílíńdà ń dún ṣííí bí ejò, tàbí tí ẹ rí i tí yìnyín ń bo ẹnu rẹ̀, ẹ má dúró de òórùn kankan.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ibi tí akéde ti jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ tí ènìyàn kò sì ṣe ojúṣe tirẹ̀. Ní Río Piedras, ní erékùṣù Puerto Rico, àwọn ènìyàn ń gbọ́ òórùn gáàsì fún ọjọ́ mélòó kan nínú ilé kan tí ṣọ́ọ̀bù bàtà wà. Wọ́n pe ilé iṣẹ́ gáàsì. Àwọn òṣìṣẹ́ wá, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò rí ibi tó ti ń jò. Propane ni gáàsì náà, ilẹ̀ ló ń wọ́ bíi ti inú sílíńdà wa, ó sì ti pé jọ sínú yàrá abẹ́ ilẹ̀. Lọ́jọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 1996, ilé náà bú. Ènìyàn 33 ló kú. Imú àwọn ènìyàn ti sọ òótọ́ fún wọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ìhà ọ̀dọ̀ wa náà kò yọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2017, ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì bú ní Atomic Junction ní Accra. Ó kéré tán ènìyàn 7 ló kú, ó lé ní 130 tó fara pa. Lọ́jọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 2020, ṣọ́ọ̀bù gáàsì bú ní Sabon Tasha, ní Kaduna; Ọ̀jọ̀gbọ́n Simon Mallam, alága àjọ tó ń bójú tó agbára átọ́míìkì ní Nàìjíríà, wà lára àwọn tó kú. Lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún náà, ìbúgbàmù wó ilé rẹpẹtẹ ní Abúlé Àdó ní Èkó, ó sì ba ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan jẹ́. NNPC, ilé iṣẹ́ epo ìjọba Nàìjíríà, sọ pé ọkọ̀ akẹ́rù ló kọ lu àwọn sílíńdà gáàsì tí wọ́n tò jọ nítòsí ọ̀pá epo. Nígbà tó di ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá, ilé ìtajà gáàsì mìíràn bú ní Baruwa, ní Ipaja. Èkó kò jìnnà sí Sakété. Gáàsì tó ń jó níbẹ̀ àti èyí tó wà nílé wa, ọ̀kan náà ni.

Nítorí náà mo kìlọ̀, mo sì tún kìlọ̀.

Ẹ má sun tùràrí láti fi bo òórùn gáàsì. Tùràrí, iná ni. Ẹ má fín lọ́fíńdà sí i. Ẹ ń di ẹnu akéde ni. Ẹ má mú àbẹ́là tàbí ìṣáná lọ sẹ́nu sílíńdà láti mọ ibi tó ti ń jò. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ ọmọṣẹ́ wọn. Ẹni tó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tí nǹkan kan kò ṣe é kò tíì bọ́. Omi ọṣẹ ni a fi ń wá ibi tó ń jò. Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, ẹ fi pa ẹnu sílíńdà, ara rọ́bà àti ibi tí rọ́bà ti wọ sítóòfù. Ibi tó bá ń hó kùṣùkùṣù, ibẹ̀ ni.

Ẹ má tan fáànù láti lé gáàsì jáde. Bọ́tìnnì iná máa ń ta pá nínú ògiri níbi tí ojú kò rí, ìbáà jẹ́ ìgbà tí ẹ tàn án tàbí ìgbà tí ẹ pa á. Fíríìjì máa ń tan ara rẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Bí iná bá ti lọ tẹ́lẹ̀ tó sì dé lójijì, gbogbo ohun tó wà lára ògiri ni yóò gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí jíjókòó sínú ilé kí a máa retí pé òórùn yóò lọ fi jẹ́ ìwà ẹni tó ti gbàgbé ẹ̀mí ara rẹ̀.

Ohun tí ẹ ó ṣe rèé. Bí ọwọ́ yín bá lè tó ẹnu sílíńdà láìpẹ́ láìjìnnà, ẹ tì í. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó bá wà lójú ọ̀nà yín, ẹ kó ọmọ, ẹ mú arúgbó lọ́wọ́, ẹ jáde. Bí òórùn náà bá ti le púpọ̀, tàbí tí ẹ ń gbọ́ tó ń dún ṣííí, ẹ fi sílíńdà sílẹ̀, ẹ̀mí ni kí ẹ kó. Ẹ pariwo pe aládùúgbò pé kí wọ́n pa àdògán wọn, kí ẹnikẹ́ni má sì tan ọ̀kadà nítòsí. Ẹ lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kì í ṣe ibi tó ń fẹ́ lọ. Ìgbà tí ẹ bá ti jìnnà ni kí ẹ tó mú fóònù, kí ẹ pe panápaná ní 118 ní Benin níbí. Bí ẹ bá wà ní Nàìjíríà, 112 ni. Àdúrà dára, ẹ gbà á níta. Ẹ má sì padà wọlé lọ mú owó, tàbí ìwé ilẹ̀, tàbí aṣọ ìgbéyàwó.

Lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí sílíńdà wà ní ìnàró. Bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, omi gáàsì ni yóò máa jáde, omi yẹn sì máa ń di afẹ́fẹ́ tó pọ̀ ju ara rẹ̀ lọ ní ìlọ́po 200 àti jù bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbé e sínú yàrá tí ènìyàn ń sùn. Bí ibùsùn àti ilé ìdáná bá jẹ́ yàrá kan, ẹ máa gbé e síta lálẹ́, níbi tí atẹ́gùn wà, kí ẹ sì ti ẹnu rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí a máa ń ti gbogbo fèrèsé pa nítorí eruku, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ ní ṣíṣí bí ẹ bá ń dáná. Rọ́bà tó bá ti ń ya, tó ti le gan, tàbí tí eku ti fẹnu kàn, ẹ jù ú nù. Kò sí owó rọ́bà tó lè tó owó òkú.

Ẹ̀yin tó ń ta gáàsì, ọ̀rọ̀ yín wúwo ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ má máa da gáàsì láti inú sílíńdà ńlá sínú kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, láàárín àwọn tó ń din àkàrà àti àwọn tó ń ta kpayo. Ẹ má gba sílíńdà tó ti dípẹtà lọ́wọ́ oníbàárà nítorí pé ẹ kò fẹ́ pàdánù owó rẹ̀. Kí ẹ tó fún un, ẹ fi omi ọṣẹ yẹ ẹnu rẹ̀ wò lójú rẹ̀. Bí gáàsì tí wọ́n gbé wá fún yín kò bá rùn bí ó ti yẹ, ẹ dá a padà. Gáàsì tí kò rùn kì í ṣe èyí tó yẹ kí ẹ tà fún ènìyàn. Irú rẹ̀ ló pa àwọn ọmọ New London.

Ẹ̀yin aláṣẹ ìlú, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin àlùfáà àti lémọ́mù, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, a ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n fi igi àti èédú sílẹ̀ kí igbó má baà tán. Ọ̀rọ̀ rere ni, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi sítóòfù lé ìyá kan lọ́wọ́ láì kọ́ ọ ní òórùn gáàsì ti gbé ewu fún un ní apá kan, ó sì fi ìmọ̀ tó lè gbà á là pa mọ́. Ẹ kọ́ wọn ní Yorùbá, ẹ kọ́ wọn ní èdè Gun, ní ọjà, ní ìdí ẹbu epo pupa, nínú kíláàsì. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó wà ní Sakété mọ òórùn yẹn kó tó mọ ìwé é kà, kó sì mọ̀ pé níta ni ẹsẹ̀ òun gbọ́dọ̀ kọjú sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka èyí dópin, iṣẹ́ kan wà fún yín lálẹ́ òní. Ẹ lọ fi omi ọṣẹ yẹ ẹnu sílíńdà yín wò. Ẹ ti ẹnu rẹ̀ pa kí ẹ tó sùn. Ẹ pe àwọn ọmọ jọ, ẹ sọ ohun tí wọ́n ó ṣe fún wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n tún un sọ fún yín títí yóò fi yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. A kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn. Ẹni tó gbọ́ òórùn gáàsì tó sì jókòó lè má rí ẹ̀mí tí yóò fi gbọ́ ìkìlọ̀ kejì.